Ọdún Tí Mo Fi Ibefun Bojú

Tí ẹ bá bi mí pé ìròyìn wo ló dùn mọ́ mi jù láyé, màá ní ìròyìn oyún ọmọ mi ni. Tí ẹ bá tún bi mí pé ìròyìn wo ló dùn mí jù, òun náà ni. Ó dùn mọ́ mi nítorí pé ọdún mẹ́fà gbáko ni ọmọ náà fi retí rẹ̀. Ó dùn mí nítorí pé ẹnu ẹlòmíràn ni èmi ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ọ, lójúde ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àwọn kan ti mọ̀ ṣáájú mi. Kì í ṣe pé ọmọ mi kò fẹ́ kí n mọ̀ o. Èmi gan-an ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà wá bá. Èmi ni mi ò sí níbi tí mo ní mo wà.

Ẹ má mikàn, kì í ṣe ẹkún ni mo fẹ́ sun fún yín. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò tíì gbádùn ọdún kan bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí. Inú ọdún náà ni mo pé ọgọ́ta ọdún, ni mo fẹ̀yìn tì, ni mo kọ́kọ́ wọ bàálù, ni mo sì di ìyá àgbà. Mo dé àwọn ìlú tí mi ò dé rí. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń gún mi lọ́kàn títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, kí ẹ lè bá mi dá sí i.

Tíṣà ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Kò sí odò ńlá kan ní Nàìjíríà tí mi ò lè fi ṣọ́ọ̀kì fà sójú pátákó láìwo ìwé. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wa èédú, mo mọ ibi tí òtútù ti ń mú bíi ti òkè òkun, mo mọ ibi tí aṣálẹ̀ ti ń jẹ ilẹ̀ oko bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń fọ́nnu yìí, mi ò kọjá Èkó àti Ìbàdàn rí. Iṣẹ́ ni lónìí, ọmọ ni lọ́la, ìyá ọkọ mi tó dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́rin ni lọ́túnla, ọdún sì ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, mò ń ṣàlàyé bí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ṣe pàdé ní Lọ́kọ́jà, pé àwọ̀ wọn kò bára mu, pé wọ́n á jọ ṣàn lọ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dàpọ̀. Ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè. Ó ní, “Mà, ṣé ẹ ti rí i?” Mo ní kó jókòó, kó máa kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó. Gbogbo kíláàsì ló ti mọ ìdáhùn.

Ọkọ mi máa ń sọ pé tí àwa méjèèjì bá ti fẹ̀yìn tì, òun á fi mọ́tò òun gbé mi yí Nàìjíríà po, kí n lè fojú rí gbogbo ohun tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì yà. Kò rí i ṣe. Ó di ọdún karùn-ún báyìí tó lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Bìní. Nígbà tó ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kejì, tó ti kọjá Ọ̀rẹ̀, tó yẹ kó máa sún mọ́ ilé, ni ọkọ̀ tó wọ̀ forí sọ tírélà. Bùkọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ni wọ́n pè lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni, ẹnu iṣẹ́ ló wà, aṣọ iṣẹ́ ló sì wọ̀ wá sọ fún mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn mọ́. Mi ò lè gba irú ìpè yẹn lẹ́ẹ̀kejì.” Mo ní mo gbọ́. Kí ni kí n tún sọ fún ọmọ tó ń sunkún?

Ọmọ dáadáa ni o. Àdúgbò kan náà ni òun àti Fẹ́mi ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú mi. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á yà kí mi, á wọn ìfúnpá mi, á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi, á tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ibi kan ṣoṣo tó gbà kí n máa lọ sùn láìsí àríyànjiyàn ni Ibefun, lọ́dọ̀ Títí àbúrò mi, nítorí pé kò jìnnà.

Oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ kọrin fún mi, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ra aago ògiri fún mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo jókòó sí pálọ̀ láàárọ̀, mo gbójú sókè wo aago náà, mo sì rí i pé kò tíì tó aago mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ mo ti gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbéra, ó di Ibefun. Mo sọ fún Títí pé mo fẹ́ lọ wo Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, màá sì padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí Bùkọ́lá mọ̀. Títí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ. Tó bá pè, màá ní ẹ ń sùn.” Èmi tí mo máa ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sá kúrò ní kíláàsì, èmi ni mo wá ń sá kúrò nílé lẹ́ni tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún.

Mo gun òkè yẹn, ṣùgbọ́n orókún mi ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀, ibì kan wà tí mo ti jókòó tí mò ń fi ìdí wọ́ bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn, àwọn ọmọ ilé ìwé kan sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lókè, tí mò ń wo àwọn òrùlé tó ti dípẹtà, tí wọ́n pupa lọ salalu, inú mi dùn débi tí mò ń dá sọ̀rọ̀. Mo délé tán, Bùkọ́lá rí i pé mò ń tiro. Mo ní oko Títí ni mo bá a dé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fi òróró pa orókún mi, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ẹ sọ fún Àǹtí Títí kí wọ́n má kó yín lọ sóko mọ́.” Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ kejì ni mo nà sí i.

Ní oṣù kejì, ó di Ìlọrin. Mo lọ wo àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò, wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kan amọ̀, èyí tí mo mọ sì wọ́ bí fìlà tí èèyàn jókòó lé. Mo ra wàrà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, mo dì í dáadáa. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń ti Ibefun ru wàrà bọ̀. Báwo ni màá ṣe gbé e wọlé? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Láti Ìlọrin dé Ògbómọ̀ṣọ́, mò ń jẹ wàrà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, mò ń jẹ wàrà. Mo fún obìnrin tó jókòó tì mí, ó gba ẹyọ méjì, ó ní ó tó. Ọjọ́ méjì ni inú fi run mí, Bùkọ́lá sì ń fi ohùn nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni wọ́n fún mi jẹ ní Ibefun. Mo ní ìkọ́kọrẹ́ Títí ni. Nígbà tí Títí gbọ́, ó bínú sí mi gan-an. Ó ní irọ́ tó bá wù mí ni kí n pa, ṣùgbọ́n kí n má pa á mọ́ oúnjẹ òun.

Lẹ́yìn náà ni Lọ́kọ́jà. Oṣù kẹta ń parí lọ. Mo sọ fún Bùkọ́lá pé màá lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ibefun. Ọ̀nà Ìbàdàn ni mo gbà lọ, mo gba Àkúrẹ́ kọjá. Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni ì bá yá jù, ṣùgbọ́n èmi náà kò tíì lè gbà á láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú. Mo sùn sí ilé àlejò kan nítòsí odò, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méje wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún mi, ó há mi láyà. Nígbà tí a dé àárín odò, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ká wò ó.

Mo wò ó. Omi kan dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, èkejì ṣú díẹ̀ bí ọsàn tí kò tíì pọ́n, ìlà kan sì wà láàárín wọn tó ń lọ títí. Mo na ọwọ́ mi sílẹ̀, mo fi kan ọ̀kan, mo fi kan èkejì. Mo rántí ọmọ tó nawọ́ sókè lọ́jọ́sí, tó máa ti di ìyá ọmọ báyìí. Mo rántí ọkọ mi. Ojú mi kún fún omi, mi ò sì tijú ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún.

Bùkọ́lá ni. “Màámi, ẹ káàárọ̀ mà. Ibo lẹ wà?” Ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ibefun náà ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì Àǹtí rẹ ni mo wà.”

Ó ní, “Orí bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Títí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni.”

Mo wo ojú fóònù bóyá ó ti gé. Ó wá ní, “Ó dáa mà. Ẹ sinmi dáadáa.” Ẹ̀rín yẹn ti kúrò nínú ohùn rẹ̀.

Awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì, à ń padà sí èbúté. Nígbà tí mo gúnlẹ̀ tán ni Títí rí mi pè. Ó ń mí gúlegúle. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sọ fún ọmọ yìí? Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló jókòó sí nígbà tó ń bá yín sọ̀rọ̀.”

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bùkọ́lá kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wọ ọkọ̀ wá sí Ibefun láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó mú àpòòwé kan lọ́wọ́. Títí sọ fún un pé mo lọ kí ẹnì kan lápá kejì ìlú, ó sì ní kó wọ yàrá lọ sinmi. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin iṣu ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, kó lè fi oúnjẹ dá ọmọ náà dúró, ó sì ń pè mí léraléra. Àwa wà lójú omi, ìpè rẹ̀ kò wọlé. Ti Bùkọ́lá ló wọlé. Nígbà tí Títí fi máa gbé ìkọ́kọrẹ́ dé yàrá, ọmọ náà ti dìde. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun ń lọ. Kò sọ̀rọ̀ kan tó burú. Ó gbé àpòòwé rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bùkọ́lá kò fi yà sílé mi mọ́. Ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Fẹ́mi. Ó ń pè mí láràárọ̀, “Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?” Bí ẹni tó ń bá aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Kò bi mí léèrè ohunkóhun, èmi náà kò sọ ohunkóhun. Mò ń retí kó kọ́kọ́ bínú sí mi kí n lè bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màmá àgbà kan tó jẹ́ agbẹ̀bí tẹ́lẹ̀ dì mọ́ mi. Ó ní, “Ìyá Bùkọ́lá, Olúwa ṣeun o. Mo rí i nílé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti hàn lára rẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́. Mo ní, “Ẹ bá wa dúpẹ́ mà.” Irọ́ mìíràn nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò dé ilé mi. Ilé Bùkọ́lá ni mo gbà lọ tààrà. Fẹ́mi ló ṣílẹ̀kùn; ó wo ojú mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì rántí lójijì pé òun fẹ́ lọ ra nǹkan níta. Bùkọ́lá ń ṣa ẹ̀wà nínú pálọ̀. Mo fa àpótí, mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo ní, “Bùkọ́lá, mo purọ́ fún ẹ.” Kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo mọ̀, mà.” Mo bá sọ gbogbo rẹ̀, Abẹ́òkúta, Ìlọrin, Lọ́kọ́jà, títí kan wàrà. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ tán, ó gbé àwo náà sílẹ̀.

“Màámi, kì í ṣe pé ẹ rìnrìn-àjò ló dùn mí jù. Oṣù mẹ́ta ni mo fi pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra. Mo ní ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kí Fẹ́mi tó sọ fún ìyá rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mò ń retí yín. Ẹ wá ń sọ fún mi pé orí rẹ̀ lẹ wà, ohùn yín kò sì gbọ̀n rárá. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹ bá ní ẹ ti jẹun, mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti jẹun. Tí ẹ bá ní ara yín le, mi ò mọ̀ bóyá ó le.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kì í ṣe irọ́ nípa Ibefun nìkan ni mo pa fún ọmọ mi. Mo ti jẹ́ kí ó máa wo gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Síbẹ̀, mi ò lè dákẹ́. Mo ní, “Ìwọ náà ni kò jẹ́ kí n lè bèèrè. Tí mo bá ti dárúkọ ọkọ̀, omi ti ń bọ̀ lójú ẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wo ojú ẹ kí n tó sọ̀rọ̀.” Òun náà ń fi ìka yí ẹ̀wà inú àwo. A jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà wà láàárín wa. Mo ti ń rò ó pé bóyá mo ti tún ba nǹkan jẹ́ ni, ó wá ní, “Omi yẹn ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?”

Mo sọ fún un. Mo fi ẹ̀wà fa odò kan sórí tábìlì, mo fi èyí tí ó ṣà dànù fa èkejì. Mo sọ nípa ìlà tó wà láàárín wọn, àti bí omi ọ̀tún ṣe tutù lọ́wọ́ mi ju ti òsì lọ, tàbí bóyá èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀wù tó há mi láyà, ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dìde, ó mú àpòòwé yẹn wá, kò tíì ṣí i láti ọjọ́ Ibefun. Ó ní, “Ẹ wo ọmọ ọmọ yín.” Àwòrán tí wọ́n yà nínú ikùn ni. Mi ò mọ orí, mi ò mọ ẹsẹ̀. Ó dà bíi máàpù tí òjò ti pa. Ó ń fi ìka tọ́ka, “Orí nìyí, ọwọ́ nìyí,” èmi sì ń sọ pé mo rí i, mo rí i. Ó wò mí lójú. Ó ní, “Màámi, ṣé ẹ rí i lóòótọ́?” Mo ní, “Mi ò rí nǹkan kan.” A rẹ́rìn-ín títí Fẹ́mi fi yọjú láti ẹnu ọ̀nà tó ti ń dúró látàárọ̀. Lọ́jọ́ náà la ṣe àdéhùn: mi ò ní jáde nílùú láìsọ fún un, òun náà yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dópin kó tó sọ pé rárá.

Mo pé ọgọ́ta ọdún ní oṣù keje. Ẹ̀bùn tí Bùkọ́lá fún mi ni tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ sí Àbújá, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ikùn ńlá rẹ̀ tó fi sìn mí dé pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó. Nígbà tí bàálù náà gbéra nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tí mi ò mọ̀ rí ni mo dì mú. Nígbà tó gúnlẹ̀, mo ṣì dì í mú. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun náà bẹ̀rù, kàkà kí òun sọ̀rọ̀, òun kàn jẹ́ kí n di òun mú ni. Mo pe Bùkọ́lá nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí mo gba báàgì mi, nígbà tí mo wọ takisí, nígbà tí mo dé ilé àlejò, nígbà tí mo wo àpáta ńlá ẹnu ìlú yẹn tán. Ní ìgbà kẹfà, ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí aboyún sùn.”

Oṣù kẹsàn-án ló bímọ, obìnrin. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tó yẹ kí n wà ni mo wà. Ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo fún un ní oríkì, Àbẹ̀kẹ́, nítorí pé a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn ìkómọ, ibi iṣẹ́ Fẹ́mi gbé e lọ sí Bìní. Ọ̀sẹ̀ méjìméjì ló ń wálé, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ náà ló sì ń gbà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá ń bọ̀, Bùkọ́lá kì í lè jẹun títí á fi gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀. Ní oṣù kìíní tó kọjá yìí, ó wá jókòó tì mí, Àbẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Màámi, mi ò lè máa gbé báyìí. Ẹ bá mi ká lọ sí Bìní. Tí mo bá rí ọ̀nà náà, bóyá ẹ̀rù rẹ̀ á fi mí sílẹ̀.” Ṣé èmi kọ́ ni mo gba Ìbàdàn lọ sí Lọ́kọ́jà kí n má baà rí i? Mo sọ òtítọ́ fún un pé ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó ní, “Ó dáa. Ká jọ máa bẹ̀rù lọ.”

Bàbá kan ní ìjọ wa ló fi mọ́tò gbé wa, awakọ̀ tí kì í sáré ni. Fẹ́mi, tó lọ gbé òkú ọkọ mi nígbà náà, ti júwe ibi tó ti ṣẹlẹ̀ fún wa: afárá kékeré kan, ọgbà ọ̀pẹ lápá òsì. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Bùkọ́lá ti lẹjú mọ́ fèrèsé, ó ń ka gbogbo afárá. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́rin kì í jẹ́ kí ìyá sùn lóru, mọ́tò sì ń mì wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò pẹ́, mo wẹ̀yìn, ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ náà sùn sí àyà rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni afárá náà yọ. Ọ̀pẹ ń bẹ lápá òsì lóòótọ́. Obìnrin kan ń sá láfún sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó tẹ̀ ba, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Mo gbé ọwọ́ sókè láti jí ọmọ mi. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. A kọjá.

Ọ̀rẹ̀ la ti dúró jẹun. Ariwo àwọn tó ń ta búrẹ́dì ló jí i. Ó wò yíká, ó ní, “Màámi, ṣé a ti kọjá ibẹ̀?” Ẹ̀yin ènìyàn mi, irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ pé ó ṣì wà níwájú. Mo lè sọ pé èmi náà sùn. Mo ní, “A ti kọjá.”

“Ẹ ò jí mi.”

“O ń sùn dáadáa.”

Ó yíjú wo ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó lè rí níbẹ̀ ju àwọn mọ́tò tó dúró lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọdún márùn-ún ni mo fi ń sá fún ibẹ̀, mo wá sùn kọjá.” Ó nu ojú. Ó ní, “Kí lẹ rí?” Mo sọ fún un nípa ọ̀pẹ, àti afárá, àti obìnrin tó ń sá láfún. Ó ní, “Láfún?” Mo ní, “Láfún.” Ó mi orí títí. Lẹ́yìn náà ló ní ebi ń pa òun, ó sì jẹ iyán rẹ̀ tán pátá, èyí tí mi ò tíì rí kó ṣe láti ìgbà tó ti bímọ.

Bìní la wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Fẹ́mi ti mú wa yí ìlú ká, mo ti wo àwọn tó ń rọ idẹ, Àbẹ̀kẹ́ sì ti fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ kan ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ìyálé ilé tí a ń gbé, wọn ò bá a wí. Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, ohun tí mo rí kọ́ nínú ọdún yìí kò pọ̀. Tí ẹsẹ̀ yín bá fẹ́ rìn, ẹ jẹ́ kó rìn, ṣùgbọ́n ẹ sọ ibi tó ń lọ fún ẹni tó ń retí yín, bí onítọ̀hún tilẹ̀ máa sunkún. Ẹkún náà á tán. Èmi ni mo jẹ́ kí ọmọ mi dá jókòó ti ayọ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àárọ̀ ọjọ́ yẹn kò sì lè padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi rèé. Ọ̀túnla la ń padà sílé, ọ̀nà kan náà ni. Bùkọ́lá ti ní dandan ni kí n jí òun tí òun bá sùn, pé kí bàbá awakọ̀ dúró lẹ́bàá afárá náà, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ mọ ibẹ̀. Mo ti ní ó dáa, mi ò sì purọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ní irú ibẹ̀ rí pẹ̀lú ọmọ yín, kí lẹ sọ fún un? Ṣé ẹ sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹ kàn dúró? Ẹ bá mi rò ó, kí ẹ sì tètè dá mi lóhùn.